Orin Tí Mo Kọ́ Wọn ní Ìgbó-Ọrà

Ẹ̀yin ará Ilé-Olújì, ẹ̀yin tí ẹ sìn mí dé gáréèjì, tí ẹ ní kí n mú ìròyìn rere bọ̀, mo ti dé. Ìròyìn ni mo mú bọ̀. Rere inú rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún márùndínlógójì ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ yín pé ẹni tó bá ṣi ìṣirò ṣe kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ bo ìwé rẹ̀ kí olùkọ́ má baà rí i. Kò yẹ kí n dàgbà tán kí n wá máa fi ọwọ́ bo tèmi.

Ẹ ó rántí Bísọ́lá, ọmọ tó máa ń jókòó síwájú ní kíláàsì mi, tí kì í bá àgbà jiyàn. Ó ti di òṣìṣẹ́ ágíríìkì nílẹ̀ Ìbàràpá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa lọ láti abúlé dé abúlé, kí ó máa kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà tí oko wọn fi lè dára sí i. Abúlé tí wọ́n kó lé e lọ́wọ́ pọ̀ ju èyí tí alùpùpù kan lè yí ká lọ. Ó wá mi wá sílé, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Sà, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan wà ní Ìgbó-Ọrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbin kòkó. Inú kòkó ni wọ́n bí yín sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi gbé lọ́dọ̀ wọn títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi kọjá.”

Mo ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mélòó kan. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn bí wọ́n bá tún fẹ́ máa pè é ní Tíṣà? Mo di ẹrù mi.

Àpáta funfun

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún nǹkan kan ṣe. Àwọn kan nínú yín máa ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìbàràpá bí ẹni pé ibẹ̀ ni ayé parí sí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, èdè wọn sì sún mọ́ ti inú ìwé ju tiwa lọ. Èmi gan-an ni wọ́n ń fi ohùn mi rẹ́rìn-ín. Ohun tó ṣe àjèjì sí mi ni ojú ọ̀run. Nílé wa níbí, igi ló bo ọ̀run, díẹ̀díẹ̀ là ń rí i láàárín ewé. Lọ́hùn-ún, láti kókósẹ̀ ni ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Koríko lọ salalu, igi kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, àti àpáta. Lórí gbogbo àpáta tó tẹ́jú ni wọ́n sá láfún sí, tí ó funfun báláú nínú oòrùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i lókèèrè, mo rò pé aṣọ ni wọ́n sá. Lábẹ́ ọ̀run gbalasa yẹn, ó ṣe mí bí ẹni tí wọ́n ṣí fìlà lórí rẹ̀ láàárín ọjà.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Sùlé ni alága ẹgbẹ́ náà. Ilé rẹ̀ ni mo wọ̀ sí. Kò bi mí léèrè ohunkóhun títí mo fi mu omi tán. Ìwà wọn nìyẹn: omi á ṣáájú, ọ̀rọ̀ á tẹ̀ lé e. Ìgbà tí mo gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀ ló tó ní, “Tíṣà, ṣé lóòótọ́ ni pé lọ́dọ̀ yín, kòkó ń hù lórí òrùlé?”

“Kì í hù lórí òrùlé, Bàbá.”

“Háà! Bísọ́lá ti purọ́ fún wa nìyẹn. Èmi ti fẹ́ lọ ṣí páànù ilé mi.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo sọ lọ́kàn mi pé, àwọn ènìyàn wọ̀nyí á ṣeé kọ́.

Ọbẹ̀ ìlasa

Ìyá Ìdòwú ló gbé oúnjẹ wá fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Opó ni, obìnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Láfún ló rò, ọbẹ̀ ìlasa ló fi sí i, ewé ilá tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí ó ń fà bí okùn. Èmi tí ẹ mọ̀ sí oníyán, mo gba òkèlè kan, mo gba ìkejì, n kò sì mọ ìgbà tí àwo mọ́.

“Ẹ má jẹ ẹ́ jù o, Tíṣà,” ni Ìyá Ìdòwú wí. “Ìbejì ló wà nínú ìlasa yìí. Kí ìyá ilé má lọ pè wá lẹ́jọ́.”

“Ìyá ilé ti pé ẹni àádọ́rin ọdún.”

“Ìlasa ò mọ ọjọ́ orí.”

Bàbá Sùlé ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jẹun. Bí ìyàwó wọn bá bí i, kí wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí wa. Ọwọ́ ò tó nínú ẹgbẹ́.”

Mo kọ èyí sílẹ̀ kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́ sí mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọdé ti ń pè mí ní Bàbá Oǹdó. N kò lè la àdúgbò kọjá láìdúró kí ènìyàn mẹ́wàá. Lọ́dọ̀ wọn, bí o bá kí ènìyàn láìbéèrè àlàáfíà ará ilé rẹ̀, o kò tíì kí i. Ẹ kò ní rí ẹnì kan nínú wọn tó ṣe mí ní ibi. Èyí gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí wúwo.

Àkùrọ̀ Ìyá Ìdòwú

Ẹ̀gẹ́, iṣu, àgbàdo àti bàrà ẹ̀gúsí ni iṣẹ́ wọn. Kòkó kò lè dúró níbikíbi lórí ilẹ̀ wọn, àfi ní àkùrọ̀, ilẹ̀ etí odò. Ọ̀nà Ìdèrè ni àkùrọ̀ Ìyá Ìdòwú wà. Bísọ́lá ló mú mi lọ síbẹ̀, Bàbá Sùlé àti àwọn méjì mìíràn sì tẹ̀ lé wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe bá a. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló pa orí oko náà dé. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ igi kòkó wà, wọ́n ga dé èjìká mi, wọ́n ti la ẹ̀ẹ̀rùn méjì já. Ìyá Ìdòwú ti kó ewé gbígbẹ, koríko àti pòpórò àgbàdo yí ìdí igi kọ̀ọ̀kan ká, ó sún mọ́ orúnkún. Kò sí ibi tí ẹsẹ̀ ti lè kan ilẹ̀ lásán.

Bàbá Sùlé ní, “Tíṣà, ẹ wo oko tàbí ààtàn. Ejò pàápàá á bèèrè ọ̀nà níbí.”

 Ìyá Ìdòwú fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ ọ̀ràn ilẹ̀ náà fún mi. Ilẹ̀ ẹbí ọkọ rẹ̀ ni. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn àbúrò ọkọ fẹ́ gbà á padà. Ní ilẹ̀ yẹn, ẹni tó bá gbin ẹ̀gẹ́, bó bá ti wú u tán, ilẹ̀ ti padà di ti ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹni tí igi rẹ̀ bá dúró, wọn kì í lé e. Olórí ẹbí, àgbàlagbà kan tí kì í gbé ohùn sókè, ló dá ẹjọ́ náà lójú gbogbo ilé: kí Ìyá Ìdòwú gbin kòkó rẹ̀, bí ó bá la ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta já tí ó sì kún ilẹ̀, ilẹ̀ di tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀. Bí kò bá dúró, kí ilẹ̀ padà sílé.

“Ẹ̀ẹ̀rùn kan ló kù,” ni ó wí. “Tíṣà, ẹ bá mi wò ó dáadáa o. Kì í ṣe kòkó ni mo gbìn síbẹ̀ yẹn. Ilé ni mo gbìn.”

Mo wò ó. Ẹ̀yin náà mọ bí oko wa ṣe rí níbí. Omi ló ń yọ wá lẹ́nu. Bí ìbòòji bá pọ̀, bí ọ̀rinrin bá pọ̀, èso á dúdú, á jẹrà lórí igi. Láti kékeré ni bàbá mi ti fi kọ́ mi pé kí oòrùn máa rí ọ̀nà wọlé. Ojú tí mo gbé ti ilé lọ nìyẹn, òun ni mo fi wo oko náà. Ewé tó ń jẹrà nìkan ni mo rí. Mo mi orí.

“Oko yìí ti há jù. Àrùn á wọ̀ ọ́.”

“Bísọ́lá ló ní kí n fi ewé bo ìdí wọn.”

Bísọ́lá wà lẹ́yìn mi. Ó ní, “Sà, ibí yàtọ̀ díẹ̀ sí ilé. Òjò wọn máa ń tètè lọ.”

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn tí mo kọ́ nínú yín mọ ẹ̀rín náà, èyí tí mo máa ń rín fún ọmọ tó bá dáhùn kí ìbéèrè tó parí. Mo ní, “Bísọ́lá, kòkó ni kòkó.”

Ó wolẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Kí oṣù náà tó parí, wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí apá Òkè-Ògùn. Ó ku èmi àti ẹgbẹ́.

Orin

Lábẹ́ igi kaṣú kan ni kíláàsì wa, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Mo ti kọ́ ọmọdé títí, n kò kọ́ àgbà rí. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé bí o bá sọ ọ̀rọ̀ fún àgbàlagbà, á gbọ́, á mi orí, á sì gbàgbé kó tó dé ilé. Ṣùgbọ́n bí o bá fi orin sí i, kò ní kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo dá orin kan:

Ìbòòji pọ̀jù, ẹ gé e,
Ewé bọ́ sílẹ̀, ẹ gbá a,
Kí oòrùn wọlé, kí àrùn jáde.

Ẹ kò rí bí wọ́n ṣe gbà á! Àwọn obìnrin fi àtẹ́wọ́ sí i. Bàbá Sùlé fi ọkọ́ kọ́ èjìká, ó jó yí igi kaṣú ká. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ń kọ ọ́ lọ sóko, wọ́n ń kọ ọ́ nídìí láfún. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé wọn. Àwọn àgbẹ̀ wá láti Ìdèrè, wọ́n kọ́ ọ lọ. Àwọn obìnrin mélòó kan wá láti Lanlate, wọ́n jókòó ti kíláàsì wa fún ọjọ́ kan, wọ́n kọ́ ọ lọ. Mo tẹ ìyàwó mi láago, mo ní, “Ṣé o rí i, n kò tíì gbàgbé iṣẹ́ mi.”

Ohun kan wà tí n kò mọ̀ nípa wọn nígbà náà. Bàrà ni iṣẹ́ àwọn baba wọn, ilẹ̀ bàrà sì gbọ́dọ̀ dán. Bí koríko bá wà lóko ọkùnrin kan, wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí dé ẹnu ọ̀nà àna rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe bá wọn lára mu ju bí mo ti rò lọ. Níbí, bí mo bá ní kí ẹ dín ìbòòji kù, ẹ ó gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta, ẹ ó nà sílẹ̀, ẹ ó ní ó di ọ̀la. Ẹ má bínú, òtítọ́ ni mo sọ. Àwọn ènìyàn yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ní ìlàjì.

Ọ̀wẹ̀

Nígbà tí òjò kù díẹ̀ kó dá, ẹgbẹ́ pinnu pé àwọn á fi ọ̀wẹ̀ ta Ìyá Ìdòwú lọ́rẹ, kí gbogbo ọwọ́ pé sí oko rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ó lè jẹ́ oko tí wọ́n á máa mú àlejò lọ wò. Bàbá Sùlé ní, “Ìwé tí Tíṣà kọ́ wa, oko Ìyá Ìdòwú la ó fi ṣe ìdánwò rẹ̀.”

Ọgbọ̀n ènìyàn ló dé ní àárọ̀ ọjọ́ náà, pẹ̀lú àdá, ọkọ́ àti ìgbálẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ rí. Ọkùnrin ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lulẹ̀, obìnrin ń gbá ewé jọ, orin mi ló sì ń gbé apá wọn sókè tó ń gbé e sílẹ̀. Èmi dúró láàárín oko bí ẹni tó ń darí akọrin ìjọ. Bí oòrùn ṣe ń wọlé láti ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ṣubú ni wọ́n ń hó.

Ìyá Ìdòwú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó bu ewé gbígbẹ kún ọwọ́, ó ń wò ó.

“Tíṣà, ṣé gbogbo ewé náà ni?”

“Gbogbo rẹ̀ ni, Ìyá Ìdòwú.”

Ó da ewé náà sílẹ̀. Ẹlòmíràn gbá a lọ.

Igun kan ló kù, lápá ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́ọ̀nà, nígbà tí láfún dé. Gbogbo ènìyàn ju àdá sílẹ̀. A jẹun, a yó, oòrùn sì ti ga jù. Bàbá Sùlé ní, “Ẹ fi kékeré yẹn sílẹ̀ fún olóko, kó má baà sọ pé a ò fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún òun.” Wọ́n dáná sun ewé tí wọ́n ti gbá jọ.

Olórí ẹbí gba ibẹ̀ kọjá ní ìrọ̀lẹ́. Ó dúró, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ tó dán. Ó ní, “Oko rèé. Ìyàwó wa, oko rèé.” Ìyá Ìdòwú kúnlẹ̀ fún un, lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó sì kúnlẹ̀ fún èmi náà.

Ọyẹ́

N kò mọ̀ pé òjò lè dá báyìí. Níbí, á máa lọ, á máa bọ̀, á wẹ̀yìn wò. Lọ́hùn-ún, ó dá bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ọyẹ́ wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ètè mi là, àtẹ́lẹsẹ̀ mi là. Oúnjẹ tí ẹ bá bu sílẹ̀, kí ẹ tó fọ ọwọ́, eruku ti bò ó.

Ewé kòkó kọ́kọ́ pọ́n ní etí. Ó wá ká jọ bí ọwọ́ arúgbó. Mo sọ fún wọn pé á sàn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ní kí a máa pọn omi sí i, gbogbo ẹgbẹ́ sì jáde: gálọ́ọ̀nù lórí obìnrin, gálọ́ọ̀nù lẹ́yìn alùpùpù, èmi pàápàá gbé kékeré kan dání. Ilẹ̀ tí kò ní nǹkan lórí ń gbé omi mì pẹ̀lú ariwo. Kí a tó padà dé etí odò, ibi tí a bù sí ti funfun padà. Odò fúnra rẹ̀ di kòtò kòtò, kòtò di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ sì sán.

Bàbá Sùlé ló gbìyànjú àtiṣe àwàdà kẹ́yìn. Ó dojú kọ igi kan, ó ní, “Kòkó, Tíṣà ní o mọ̀wé. Ka èyí fún wa.” Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Òun náà kò tún ṣe àwàdà mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ní gbogbo àárọ̀, Ìyá Ìdòwú á lọ láti igi dé igi, á fi èékánná ha èèpo wọn wò bóyá àwọ̀ ewé ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó ń fo àwọn kan. Nígbà tí ó tún yá, kò ha wọ́n mọ́.

Igun tó kù

Òun ló pè mí lọ sí igun náà. Igi mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a kò gé, nínú ewé tí a kò gbá. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló tutù yọ̀yọ̀.

Ó ní, “Tíṣà, omi kan náà la bù fún gbogbo wọn. Kí ló dé tí àwọn wọ̀nyí ò kú?”

Mo kúnlẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ewé náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù bí ilẹ̀ ilé wa níbí. Ọ̀rinrin rẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Láti kékeré ni mo ti ń rìn lórí irú ewé bẹ́ẹ̀ nínú oko bàbá mi, n kò bi ara mi léèrè rí pé iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe níbẹ̀. Nílé wa, igbó ló ń ṣe é fún wa láìjẹ́ pé a mọ̀. Níbẹ̀, obìnrin yìí ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o jọ, èmi ni mo sì ní kí wọ́n gbá a.

Mo ní, “Ìyá Ìdòwú, ọyẹ́ kọ́. Èmi ni.”

 N kò lè gbójú sókè. Ó fi ọwọ́ kan èjìká mi. “Ẹ dìde, Tíṣà. Àgbà kì í kúnlẹ̀ báyẹn lóko ènìyàn.”

Kò pẹ́ sí i tí olórí ẹbí dé pẹ̀lú méjì nínú àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀. Èmi ló kọ́kọ́ kí, ó béèrè àlàáfíà ìyàwó mi àti ti àwọn ọmọ mi. Ó wá rin oko náà já, láàárín igi gbígbẹ, títí dé igun, ó sì padà.

“Ìyàwó wa, o ṣiṣẹ́. Gbogbo ilé rí i. Ṣùgbọ́n igi mọ́kànlá kì í ṣe oko.”

Mo sọ fún un pé ẹ̀bi mi ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún obìnrin náà ní ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta mìíràn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá mi lẹ́nu.

Ó ní, “Tíṣà, bí ẹjọ́ bá jẹ́ ti ọyẹ́, ọyẹ́ ò ní ilé tí a lè bá a dé. Bó bá jẹ́ tiyín, àlejò ni yín, a kì í dá àlejò lẹ́bi. Ibo ni kí n gbé ẹjọ́ náà sí? Àdéhùn ti wà nílẹ̀.” Ó yíjú sí Ìyá Ìdòwú. “Bí o bá fẹ́ wú igi mọ́kànlá náà lọ, kò sí ẹni tí yóò dá ọ dúró.”

Ìyá Ìdòwú ní, “Ẹ fi wọ́n síbẹ̀. Wọn ò ṣẹ̀ mí.”

Àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀gẹ́ ni àwọn á gbìn síbẹ̀ nígbà tí òjò bá rọ̀.

Ìpàdé

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dúró níwájú ẹgbẹ́ lábẹ́ igi kaṣú. Mo sọ ọ́ bí mo ti ń sọ nǹkan fún kíláàsì, mo fara balẹ̀. Mo ní ohun tí mo kọ́ wọn dára fún ibi tí omi pọ̀, kò dára fún tiwọn. Mo ní Bísọ́lá ló tọ̀nà. Mo ní kí wọ́n fi ìbòòji sílẹ̀, kí wọ́n kó ewé padà sídìí igi, kí wọ́n má kọ orin náà mọ́.

 Bàbá Sùlé wá dìde. Omi wà lójú rẹ̀.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ẹ gbọ́ bí ẹni ńlá ṣe ń sọ̀rọ̀? Tíṣà fẹ́ gbé ẹ̀bi ọyẹ́ ru orí ara wọn, kí ojú má baà ti Ìyá Ìdòwú. Ta ló tún lè ṣe irú èyí fún wa?”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ń sọ pé rárá, rárá, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo bẹ akọ̀wé pé kí ó ya ojú ìwé àkọ́kọ́ yẹn dànù. Ó di ìwé náà mọ́ àyà. “Tíṣà, tí mo bá ya á, kí la ó fi máa rántí yín?”

Ìyá Ìdòwú nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ló gbà mí gbọ́ nínú gbogbo wọn, kò sì ní ilẹ̀ mọ́ tí yóò fi ẹ̀kọ́ náà ṣe nǹkan lórí rẹ̀.

Mo tẹ Bísọ́lá láago. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, “Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ni kò dára.”

“Bísọ́lá, lọ́jọ́ tí a dúró lóko yẹn, ṣé o mọ̀ pé mo ṣì í?”

 Ó wá ní, “Sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọmọ kì í já àgbà ní irọ́.”

Lanlate

Ìyá Ìdòwú kó láfún sí àpò kan fún mi láti gbé lọ sílé. Ó wà nínú yàrá mi níbí, ìyàwó mi kò tíì tú u. Bàbá Sùlé àti gbogbo ẹgbẹ́ sìn mí dé ibi ọkọ̀. Wọ́n gbàdúrà fún mi gidigidi.

Nígbà tí a dé Lanlate, ọkọ̀ dúró kí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀. Àkùrọ̀ kan wà ní ìsàlẹ̀ afárá níbẹ̀, àwọn obìnrin bíi mẹ́fà sì wà lábẹ́ àwọn ọmọ igi kòkó, wọ́n ń gbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ wọn ń lọ, ó ń bọ̀, ó bá orin mu. Awakọ̀ náà ti ń fi ìka lu sítíárìn.

Ó ní, “Orin àwọn àgbẹ̀ nìyẹn, Bàbá. Ó ti gba gbogbo agbègbè yìí kan. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?”

Mo ní kí ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Mo fi ọwọ́ di afárá mú, mo rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn, mo ń ronú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ọ̀kan nínú wọn wò mí, ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó kígbe. Ó ti wá jókòó sí kíláàsì wa ní Ìgbó-Ọrà rí. Ó ní, “Ẹ wò ó, Tíṣà fúnra wọn nìyí!” Gbogbo wọn kúnlẹ̀ kí mi lórí ilẹ̀ tó dán náà. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti dìde, wọ́n ti mú ìgbálẹ̀ wọn, wọ́n sì gbé orin náà sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tó ni ín ti dé.